Ogójì Ebè ní Oko Ràmọ́nì

Bí ẹ bá dé Ìgbòho lásìkò ebè kíkọ, tí ẹ sì rí ọkùnrin gíga kan tó ń fi ọkọ́ tú ebè tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán, ẹ má rò pé nǹkan ń ṣe é. Ọkọ mi ni. Ládòkun ni orúkọ rẹ̀. Bàbá Níkẹ́ ni èmi ń pè é, nítorí Níkẹ́ ni àkọ́bí wa. Lójú rẹ̀, mi ò jẹ́ pè é ní "ìwọ" láé, ìyá tó bí mi ní Ṣakí kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń sọ ọ́, "ó" ló ń jáde lẹ́nu mi. Ẹ bá mi fojú fò ó.

Ọdún 1969 ló fẹ́ mi wá sí Ìgbòho. Onígbàgbọ́ ni wọ́n ní ó jẹ́, onígbàgbọ́ náà ni mo sì bá. Kì í mu ọtí, kì í fín aáṣáà, kì í búra. Òun ló ń kọ́ àwọn àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí wọ́n bá ní kó ka Bíbélì, á wọ agbádá funfun, á dúró gbọn-in, ohùn rẹ̀ á kárí ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ọ̀nà. Inú mi á máa dùn, n ó máa yọjú wo ọ̀tún wo òsì bóyá àwọn obìnrin yòókù ń wò mí. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ òun ṣe àpẹẹrẹ?

Àgbẹ̀ oníṣu ni. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ iṣu lápá ọ̀dọ̀ wa, kó jẹ́ kí n là á yé e. Ebè tí a ó gbin iṣu ọdún tó ń bọ̀ sí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ dé, ilẹ̀ á le, ọkọ́ á sì máa ta padà sí ni lójú. Iṣẹ́ náà pọ̀, ó ń múni lẹ́mìí, ẹni tó bá dá a dáwọ́ lé, àárẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró. Ìdí nìyí tí àwọn ọkùnrin fi ń ṣe àáró. Ọkọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń lò lóko ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá kọ ti ọ̀kan tán, wọ́n á kọjá sí ti èkejì, títí yóò fi kárí. Igba ebè ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kò sẹ́ni tó ń gba owó. Ẹni tí wọ́n ń kọ ebè fún ló ń bọ́ wọn, òun náà á sì bá àwọn yòókù kọ tiwọn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá kọ ebè ojú ayé lóko ẹlòmíràn, wọn ò ní kọ tirẹ̀. Ebè ojú ayé ni ebè tí ènìyàn kàn ha iyẹ̀pẹ̀ òkè jọ sórí koríko, tí kò la ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó, ebè ni. Ó ga, ó rí róbótó, ẹ ó sì gbin iṣu sí i. Ẹ ò ní mọ̀ títí ọdún á fi yípo, tí ẹ bá wá wa iṣu, tí ẹ rí i pé iṣu ti kan ilẹ̀ líle, ó sì ti ká kò. Ìgbà yẹn, ẹni tó kọ ọ́ ti jẹun, ó ti nu ẹnu, ó ti lọ.

Nínú àwọn mẹ́fà yẹn, àwọn méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ mi. Àkọ́kọ́ ni Ràmọ́nì, olórí wọn, àgbà mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kíkí ṣeré rárá, tó jẹ́ pé bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èkejì ni Ìyápọ̀. Ti Ìyápọ̀ kò sí ní mọ́ṣáláṣí, kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí ọtí bùrùkùtù ni tirẹ̀ wà. Aláwàdà ni, á máa fi ènìyàn ṣẹ̀sín láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹnu mi kò dára lórí ọ̀rọ̀ Ìyápọ̀, mo ń pè é ní ọ̀lẹ láìtíì rí i lẹ́nu iṣẹ́ rí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, àáró ọdún náà ti ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ ti Ràmọ́nì tán, wọ́n ti kọ ti àwọn mẹ́ta mìíràn, ó ku ti Ìyápọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ló kan tiwa. Àwa la gbẹ̀yìn, ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí òjò ọdún yẹn ti ń fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, Ràmọ́nì lọ wa iṣu tó gbìn sórí ebè tí wọ́n kọ fún un ní ọdún tó ṣáájú. Nígbà tó dé ìdí òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́bàá oko náà, iṣu tó wà níbẹ̀ kò tó fọwọ́ bà. Wọ́n kúrú, wọ́n lọ́, wọ́n rí bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ó kà wọ́n: ogójì ebè, lórí ìlà kan náà. Ó fi igi gún abẹ́ wọn, igi kò wọlé.

Ó ki mẹ́ta nínú iṣu náà sínú àpò, ó pe àwọn ẹgbẹ́ jọ sábẹ́ igi irú. Kò pariwo. Ó kó iṣu náà sílẹ̀, gbogbo wọn sì mọ ohun tó jẹ́. Ó ní òun rántí pé Ìyápọ̀ àti Ládòkun ni wọ́n jọ wà lápá ìdí òkìtì ọ̀gán lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo ojú ọkọ mi. Ìyápọ̀ ni gbogbo wọn yíjú sí. Ládòkun tí kì í búra, Ládòkun tó ń ka Bíbélì, báwo ló ṣe máa ṣe irú rẹ̀? Ìyápọ̀ ṣẹ́, ó fi ilẹ̀ búra, ó fi orí ìyá rẹ̀ búra. Bó ṣe ń búra tó ni wọn kò ṣe gbà á gbọ́ tó. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn ò ní kọ tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ kẹta, oko tiwa ni àwọn ń bọ̀.

Bàbá Níkẹ́ délé, ó rò ó fún mi. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run ṣeun tó tú ọ̀lẹ fó, Ọlọ́run sì ṣeun tó fi ọjọ́ mẹ́rin kún tiwa, ilẹ̀ ṣì máa rọ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó bu òkèlè méjì, ó dìde. Lọ́jọ́ kejì náà, bákan náà. Mo rò pé ibà ni. Mo se ewé fún un, ó mu ún láìjiyàn, ìyẹn gan-an ló yẹ kó ti jẹ́ kí n fura.

Lọ́jọ́ kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti wà ní abà. Mo gbé ìkòkò ńlá kaná, mo ń se àsáró fún ọkùnrin márùn-ún, mo da ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ sí i, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé aya Ládòkun ahun ni. Ó wá jókòó tì mí, ọkọ́ rẹ̀ lórí eékún. Ó ní, "Àbíkẹ́, èmi ni mo kọ ogójì ebè yẹn."

Mo rò pé ó ń dá àpárá ni. Ó wá ṣàlàyé. Ọjọ́ náà ní ọdún 1977, ìpàdé ìsọjí wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, oníwàásù kan ń bọ̀ láti Ṣakí, òun ni wọ́n ní kó ka Bíbélì ní agogo mẹ́rin. Oòrùn ti yẹ̀, ogójì ebè ló kù nínú igba rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ló bá ha iyẹ̀pẹ̀ jọ sórí koríko, ó wẹ̀ lódò, ó sáré lọ wọ agbádá funfun. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rántí pé Bíbélì tó kà lọ́jọ́ náà dùn létí mi ju ti gbogbo ìgbà lọ, mo tilẹ̀ sunkún.

Ó ní láti ọjọ́ náà òun kò rántí rẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tí Ràmọ́nì kó iṣu sílẹ̀. Ó ní ohun tó dun òun jù kì í ṣe ebè. Ó ní nígbà tí wọ́n yíjú sí Ìyápọ̀, òun lè sọ̀rọ̀, òun sì dákẹ́, nítorí pé ìgbàgbọ́ òun ni wọ́n fi dá òun láre, òun sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi náà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe Ìyápọ̀. Ebè tiwa ni mo rí, ó lé ní ẹgbàajì, mo sì rí ọmọ mẹ́rin. Mo fi ṣíbí sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Níkẹ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ dákẹ́ di ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ tiwa tán, kí ẹ wá jẹ́wọ́. Ọlọ́run kò ní sá lọ."

Ó wò mí. Kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù. Ó ní, "Ọjọ́ Ìyápọ̀ ni wọ́n fẹ́ wá lò fún mi yìí. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ́ sọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo tún ti jalè. Mo ti fi ẹ̀sìn mi ṣe nǹkan tí à ń wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó. Bí kò bá lè bá mi dé oko, jẹ́ kí n bọ́ ọ sílẹ̀ pátápátá."

Mo sọ̀rọ̀ títí. Mo sọ èyí tó yẹ kí obìnrin sọ fún ọkọ rẹ̀, mo sì sọ èyí tí kò yẹ. Mo ní ṣé ìjẹ́wọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ ni. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ la ti ń gbọ́ ohùn wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó dìde, ó nu ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì lọ pàdé wọn.

Wọ́n gbé ọkọ́ lé èjìká, mẹ́rin ni wọ́n. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má tíì gbé ọkọ́ sọlẹ̀. Kò lọ́ ọ̀rọ̀, kò sì darí rẹ̀ gba inú ìgbẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ebè ìdí òkìtì ọ̀gán. Ìyápọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo dákẹ́ níjọ́ yẹn, irọ́ ni ìdákẹ́ mi." Ó ní òun yóò lọ kọ ogójì mìíràn fún Ràmọ́nì kí òun tó fọwọ́ kan ti ara òun, òun yóò sì fún un ní iṣu tó tó ti ogójì ebè láti inú èyí tí òun wa.

Ràmọ́nì ń fi ìka yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà nínú àpò rẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Ládòkun, ìwọ ni mo máa ń fi bá àwọn ọmọ mi wí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ wo onígbàgbọ́ yẹn." Bàbá Níkẹ́ dorí kodò. Ràmọ́nì wá ní òfin kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, ṣé ó mọ̀ pé wọn kò lè kọ tirẹ̀? Ó ní òun mọ̀. Ràmọ́nì ní ó dáa, oko Ìyápọ̀ ló kàn. Wọ́n yí padà, wọ́n sì ń lọ.

Mo dúró ti ìkòkò mi. Àsáró tí ọkùnrin márùn-ún máa jẹ yó, ó ń hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́. Mo ń rò ó bóyá kí n dà á nù sínú ìgbẹ́ ni, kí Ọlọ́run rí i pé inú ń bí mi. Ọkọ mi wá bá mi níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní Àmọ̀kẹ́, ìyàwó Ìyápọ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, kò ní tíì dáná. Ó ní kí n gbé ìkòkò náà tẹ̀lé wọn.

Mo wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀. Mo ní ṣé ẹ̀yin mọ ohun tí ẹ ń sọ? Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí mi ò bá lè gbé e, òun á gbé e fúnra òun. Ọkọ mi, kó ru ìkòkò àsáró la ojú ọ̀nà oko já, kí gbogbo Ìgbòho máa wò ó? Mo ká òṣùká, mo gbé e rù. Mo fi ẹkún àti ìbínú rìn tó máìlì méjì. Bí mo ṣe ń lọ ni mo ń bú u, mo ń bú Ràmọ́nì, mo ń bú oníwàásù tó wá láti Ṣakí.

Nígbà tí mo dé oko Ìyápọ̀, ó jókòó lórí gbòǹgbò igi, àwọn yòókù ti ń kọ ebè. Wọ́n ti sọ fún un. Ojú rẹ̀ pọ́n. Àmọ̀kẹ́ ń sáré kiri, kò mọ ohun tí yóò sè, bó sì ṣe rí ìkòkò lórí mi, ó dúró. A jọ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyápọ̀, mo ní Bàbá Níkẹ́ ní kí n gbé e wá, mo sì tọrọ àforíjì fún ẹnu tèmi tó ń pè é ní ọ̀lẹ. Mi ò mọ ibi tí ìyẹn ti jáde. N kò gbèrò rẹ̀.

Ó bu àsáró, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún ọkọ rẹ pé mo jẹ oúnjẹ rẹ̀. Sọ fún un pé mi ò tíì dárí jì í o." Mo dé abà, mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Ọkọ mi ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí oko Ràmọ́nì lọ kọ ogójì ebè rẹ̀, ó sì fi ogójì mìíràn lé e. Lọ́jọ́ kẹta ló wá bẹ̀rẹ̀ tiwa. Òjò kan ṣoṣo ló tún rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Igba ebè di ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ọgọ́rùn-ún di ọgọ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà náà, ẹ kò lè rí obìnrin kan ní Ìgbòho tó ń kọ ebè, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo fara dà á di ọjọ́ karùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà, mo yá ọkọ́ ìyá àgbà kan, mo di ìgbàjá, mo wọ ìlà kejì sí tirẹ̀. Ó dúró, ó wò mí. Mo ní kó má wò mí, inú ṣì ń bí mi, mo kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ mi jẹun ni. Mo kọ mẹ́wàá lọ́jọ́ náà, ìbàdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó tú mẹ́fà nínú mẹ́wàá náà, ó ní mi ò la ilẹ̀ abẹ́ wọn dáadáa. Orí ló kó o yọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ebè la kọ kí ilẹ̀ tó le pátápátá. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, níbi tó yẹ kí ó ti lé ní ẹgbàajì. A wa iṣu wọn ní ọdún 1979, ó tán kíákíá, láfún la sì jẹ láti Ọdún Àjíǹde ọdún kejì títí iṣu tuntun fi dé. Níkẹ́ bi bàbá rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí iṣu tiwa kò pọ̀ bíi ti ilé kejì. Kò parọ́ fún un. Ó mú un jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun kó tó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà omi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó ti sọ fún pásítọ̀ pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn ka Bíbélì títí òun yóò fi parí ohun tí òun ń ṣe. Díákónì Ọlágòkè fa ojú ro. Ó ní kí ló dé tó lọ tú àṣírí ìjọ níwájú àwọn mùsùlùmí, pé ó ti ba orúkọ àwọn onígbàgbọ́ jẹ́ ní Ìgbòho. Ọkọ mi ní òun ti ba orúkọ náà jẹ́ ní ọdún 1977, òun kàn ń wá bí òun ṣe máa tún un ṣe ni. Lọ́jọ́ náà ni ìbínú mi kọ́kọ́ rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Nígbà tí ebè kíkọ ọdún 1979 kù díẹ̀, Ràmọ́nì ránṣẹ́ pè é. Ó ní ẹgbẹ́ ti pé jọ, wọ́n ní kó padà wá. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi dúpẹ́, kó máa lọ, Ládòkun tún fi ṣe iṣẹ́. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ní ọjọ́ gbogbo, kí òun tó kúrò lóko ẹnikẹ́ni, kí Ìyápọ̀ mú ọ̀kan nínú ebè òun, èyí tó bá wù ú, kó tú u títí dé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù ní kò pọndandan. Ìyápọ̀ ní ó pọndandan.

Ó sì tú u, ẹ má wulẹ̀ gbàgbé. Odindi ọdún márùn-ún. Bí iṣẹ́ bá ti parí, Ìyápọ̀ á gbé ọkọ́ rẹ̀, á máa rìn lórí ìlà ọkọ mi bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù, á yan èyí tó wà níbi tó le jù, tàbí ìkẹyìn pátápátá, á tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kò ní sọ pé ó dáa, kò ní sọ pé kò dáa. Á kàn lọ. Bàbá Níkẹ́ á tún ebè náà kọ, òun ló máa ń gbẹ̀yìn délé. Ó ń dùn mí. Mo ní ìjìyà yìí ò ha tó? Ó ní kì í ṣe ìjìyà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ pé ẹnì kan máa wò ó ni òun ti rí i pé kò sí ebè kan tí òun ń kọ tí ẹnì kan kò wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo nǹkan. Bó bá dáko fún opó, bó bá so iṣu fún oníbàárà, bó bá gbá àgbàlá mi pàápàá, á padà lọ wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi kò lè fi ìdọ̀tí pamọ́ sábẹ́ ẹní nínú ilé yẹn.

Ìgbà òjò ọdún 1984, ìbàdí dídùn dá Ìyápọ̀ jókòó. Kò lè tẹ̀ kọ ebè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àáró ti bẹ̀rẹ̀. Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá lè wá, kó fi ẹlòmíràn rọ́pò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó yọwọ́. Fàtímọ̀ ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, Ìyápọ̀ kò sì ní ọmọkùnrin. Gbogbo wa rò pé oko rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó fi ọ̀pá rìn wá sábẹ́ igi irú, ó dúró níwájú wọn, ó ní òun ti rí ẹni tí yóò dúró fún òun. Ó na ọ̀pá náà sí ọkọ mi. Ó ní, "Kò tíì gbà o, mi ò tíì bi í."

Ọkọ mi gbà. Ìlà méjì lójúmọ́, tirẹ̀ àti ti Ìyápọ̀. Á jí kí àkùkọ tó kọ, á ṣe ti Ìyápọ̀ kí àwọn yòókù tó dé. Nígbà tó kan oko Ìyápọ̀ fúnra rẹ̀, èmi àti Àmọ̀kẹ́ la jọ dáná. Ìyápọ̀ jókòó lórí gbòǹgbò igi ọjọ́ kìíní, ó ń ṣẹ̀sín bíi ti tẹ́lẹ̀. Nírọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ parí, Ràmọ́nì wò ó pé Ìyápọ̀ kò lè dìde. Ó ní kí òun bá a tú ọ̀kan wò nínú ti Ládòkun gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó ti gbé ọkọ́ sókè.

Ìyápọ̀ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ládòkun ló kọ ọ́."

Mo gbé àwo tí mo mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí kí ọkùnrin yẹn sọ ohun kan, mo sì mọ̀ pé òun nìyẹn. Mo wo ojú ọkọ mi, omi wà níbẹ̀. Mo rò pé yóò lọ dì mọ́ Ìyápọ̀ ni. Ó rìn kọjá lára Ràmọ́nì, ó lọ sí ìparí ìlà rẹ̀, ó gbé ọkọ́ sókè, ó sì tú ebè tó wà níbẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ tútù ni, dúdú, kò sí koríko kan níbẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Níkẹ́, wọ́n ní ó ti tó."

Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun fẹ́ rí i fúnra òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún un kọ, a sì dúró dè é kí a tó jẹun.